Òjé Lẹ́nu Ọmọ Wa

Ìbéèrè kẹfà lórí fọ́ọ̀mù náà ni ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀. Inú pálọ̀ obìnrin kan ní ẹ̀sítéètì VGC ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti so rọ́bà mọ́ apá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, mo sì ti rí iṣan tí mo fẹ́ gún. Láàbù kékeré kan ní Ajah ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ gba ẹ̀jẹ̀ nílé àwọn tí kò fẹ́ wá jókòó sórí bẹ́ńṣì wa. Obìnrin yìí ti gbọ́ pé ọ̀dà tí wọ́n fi kun àwọn ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú, àti pé òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí ara ọmọ náà gbóná, láìjẹ́ kó bì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà lára ọmọ òun.

Mo ń ka ìbéèrè, ó ń dáhùn. Ṣé ọmọ yín máa ń ti nǹkan bọ ẹnu? Ṣé ọ̀dà ń họ lára ògiri yín? Nígbà tí mo dé ìkẹfà, mo kà á jáde kí n tó mọ ohun tí mo ń kà: "Ṣé ẹnikẹ́ni máa ń yọ́ òjé nínú ilé yín, tàbí nítòsí ibi tí ẹ ti ń dáná?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí láàbù, ẹ má pa mí o! Ta ló ń yọ́ òjé níbi tó ti ń se ọbẹ̀? Irú èèyàn wo nìyẹn?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ ọ́ síbí nítorí pé ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Mo rẹ́rìn-ín, mo fa igi sí "rárá," mo sì gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Irú èèyàn wa ni.

Etí ọ̀sà ni agboolé wa wà, ní abúlé kan láàárín Ajah sí Lakowe, níbi tí fẹ́ǹsì ẹ̀sítéètì ti yí wa ká lọ́nà mẹ́ta, tó jẹ́ pé omi nìkan ni kò ì tíì ní géètì. Apẹja ni àwọn èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Àwọ̀n ló fi tọ́ wa. Àwọ̀n tí kò bá sì ní òjé lẹ́sẹ̀ á léfòó ni, ẹja á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá kì í ra òjé. Á gba bátìrì ọkọ̀ tó ti kú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, á fọ́ ọ, á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú agbada àlòkù, á gbé e ka iná lẹ́yìn ilé ìdáná. Tó bá ti yọ́, á dà á sórí yanrìn tútù ní pẹlẹbẹ. Tó bá ti tutù, á gé e wẹ́wẹ́. Àwa ọmọdé ló kù. A óò ká ègé òjé kan mọ́ okùn ẹsẹ̀ àwọ̀n, a óò sì fi eyín ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bàbá ní ẹ̀mú máa ń já okùn, pé ìka ọmọdé ò sì lágbára, eyín nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ọmọ tí òjé rẹ̀ kì í jábọ́ sínú omi, òun ni Bàbá máa ń fún ní orí ẹja. Mo jẹ orí ẹja púpọ̀. Mo ṣì rántí bí òjé ṣe rí lórí ahọ́n, bó ṣe tutù tó sì fẹ́ dà bí ohun tó dùn.

Nígbà tí mo ń sọ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ orí ẹja. Ọmọ ọdún méje ni, obìnrin ni, eyín rẹ̀ sì ni Bàbá fi ń yangàn fún gbogbo apẹja etí omi. Ìwé ni kò gbọ́. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Mo ti jókòó tì í nírọ̀lẹ́ bíi mélòó kan, mo ti rí i bó ṣe ń tiraka: á mọ A títí dé D lónìí, tó bá di ọ̀la, á máa wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àlejò. Tí wọ́n bá rán an ní nǹkan méjì, ọ̀kan ló máa mú bọ̀. Inú máa ń bí i kíákíá, lẹ́yìn náà á sunkún nítorí pé inú bí i. Ilé ìwé rẹ̀ ti kọ̀wé ránṣẹ́ pé tí táàmù yẹn bá parí, kí àwọn òbí rẹ̀ wá ibòmíràn fún un.

Bàbá ọmọ náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ará Ìkìrun ni. Iṣẹ́ ilé kíkùn ló gbé e wá sí Lekki, ìyàwó ló sì dá a dúró sínú agboolé wa. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni òun máa mú ọmọ náà lọ fún ìyá òun ní Ìkìrun, kó máa bá a ṣe gààrí, kí ọ̀rọ̀ ìwé sì parí síbẹ̀. Ohun tí ó wá ń dun ẹ̀gbọ́n mi jù ni ìdí tí ọkọ rẹ̀ ń wí.

"Ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín ni," ó máa ń sọ. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bó ṣe wà lára ọmọ ìyá Bàbá náà nìyẹn."

Ọmọ ìyá Bàbá tó ń wí, àbúrò Bàbá tó ti kú ni. Àgbà ọkùnrin ni kó tó kú, kò sì lè ka òǹkà kọjá ogún. Gbogbo abúlé mọ̀ ọ́n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì tún lóyún, oṣù karùn-ún ló wà. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn jáde ní VGC. Ọjọ́ Ajé ni. Nígbà tí mo wọ agboolé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ igi àgbọn pẹ̀lú àwọ̀n lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Òjé ló kó síbẹ̀, bí ẹní kó súìtì sẹ́nu, kó má bàa máa na ọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sì ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Tutọ́! Tutọ́ ẹ̀ dànù!"

Ó gé mi jẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni, nígbà tó rí ojú mi, ó bú sẹ́kún.

"Kí ló dé?" Bàbá dìde. "Ṣé ejò ni?"

"Bàbá, májèlé ni òjé yìí. Ọpọlọ ló ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fi eyín kàn án mọ́."

Bàbá wo ọmọ náà, ó wò mí. "Ta ló ń jókòó síbi tó jókòó sí yẹn nígbà kan? Kì í ṣe ìwọ? O gé òjé jẹ ju ọmọ yìí lọ. Ìwọ náà lo sì lọ gba dìgírì. Irú májèlé wo ló ń gba dìgírì?"

Àwọn apẹja méjì tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbé ọwọ́ sílẹ̀ láti gbọ́ tiwa. Ọ̀kan ní, "Ẹ bu díẹ̀ fún èmi náà, Bàbá, bóyá màá di dókítà." Èkejì ní, "Ìwọ? Gbogbo bátìrì Ajah ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè Bàbá le lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, àlàyé ni mo máa ń ṣe, á gùn, á sì máa padà sórí ara rẹ̀. Mo sọ pé ọmọ méjì lè jẹ òjé kan náà kó má ṣe wọ́n bákan náà. Mo sọ ti èéfín agbada tó ń wọ inú ilé ìdáná. Mo sọ pé bóyá èmi gan-an ìbá ti jẹ́ ẹlòmíràn, ká ní mi ò fi eyín kan òjé rí. Ní ìparí, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ: "Bàbá, ta ló ń fẹ́ iná agbada yẹn nígbà tí àbúrò yín wà lọ́mọdé?"

Ẹ̀rín parí. Bàbá jókòó padà, ó fa àwọ̀n rẹ̀ sọ́dọ̀.

"Má fi òkú mi kọ́ mi níwèé," ó wí.

Nínú yàrá, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé èmi náà?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé òjé tí a jẹ lọ́mọdé máa ń sá pamọ́ sínú egungun, pé tí obìnrin bá lóyún, egungun lè tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kó sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà, síbẹ̀ ẹnu mi ò dúró. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ tán pátá, ó máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Òjé náà ń ti ara ìyá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ láìjẹ́ àbùdá, ohun tó bá ẹ̀jẹ̀ wá, síbẹ̀ bí ogún ló ṣe rí.

"Gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi," ó wí. "Má tíì sọ fún dádì ẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀."

Mo gbà fún un. Bí mo bá ń ka àṣìṣe mi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a sọ fún bàbá ọmọ náà pé a ń mú un lọ ra bàtà. Ọ̀gá mi ní láàbù fọwọ́ sí i, mo gba ẹ̀jẹ̀ náà fúnra mi, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí láàbù ńlá kan ní apá òkè Èkó. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni èsì máa dé. Sátidé ni ìrìn àjò.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mo ń ṣọ́ ara mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Tí mo bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan bá sá mọ́ mi lẹ́nu, màá máa bi ara mi bóyá òjé ló gbé e lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, bí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté òkun ṣe ń da eruku bò wá, mo ń ka òǹkà láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn, ní méje méje, nínú ikùn. Mo rántí ẹ̀kọ́ Ìṣirò tí mo fìdí rẹmi nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ìgbà yẹn, mo ti gbà pé ọ̀lẹ ni mí. Ó wá dà bí ẹni pé mo lè fi òjé dá ara mi láre, mo sì kórìíra pé ó wù mí láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá mi pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó ga," ó wí. "Ó ga gan-an. Ohun tó ń kó o wọ ara rẹ̀, ẹ mú un kúrò lónìí. Kó rí dókítà àwọn ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ìyá rẹ̀ náà ṣe tiẹ̀, nítorí oyún."

"Ṣé òun ni kò jẹ́ kó lè kàwé, mà?"

Ó ronú. "Ìwé yìí sọ pé òjé wà lára rẹ̀. Òjé sì máa ń ṣe irú ohun tí o sọ yẹn. Ìwé yìí ò sọ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àbùdá lọ́wọ́ nínú bí ọmọ ṣe ń ronú, ó tún lọ́wọ́ nínú bí májèlé ṣe máa mú un tó. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì fún ẹ."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó gbọ́ mi tán. "Ṣáà sọ fún un pé òjé ni," ó wí. "Òjé nìkan. Má mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀. Mo fi ìyá wa bẹ̀ ẹ́."

Ní gbogbo ọ̀nà sílé, mo fẹ́ ṣe é. Irọ́ kékeré ni, ó sì máa gba ọmọ náà là kúrò nínú ọkọ̀ Ìkìrun. Ó máa gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Báàgì ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í. Ó jókòó sórí àpótí, ọmọ náà sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, ó ń gbọn eruku funfun kúrò nínú irun bàbá rẹ̀, ó ń pariwo pé bàbá òun ti darúgbó. Mo na ìwé náà sí i kí ọkàn mi má bàa yí padà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ti ọmọ yín ni, bùọ̀dá. A gbà á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ bàtà." Ó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Ẹ gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́, ẹ sì wá jókòó bá mi jẹun! Ìyàwó mi àti àbúrò ẹ̀. Èmi kí ni mo jẹ́ nínú ilé yìí? Àlejò?"

"Dádì, ẹ má bínú," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ó dáa. Òjé ló wà níbẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mi ò gbójú wò ó. Mo sọ pé mi ò mọ̀. Mo sọ pé ó lè ní nǹkan tí ọmọ náà jogún, láti ọ̀dọ̀ tiwa tàbí ti ìdílé tirẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjé wà níbẹ̀, a sì lè mú òjé kúrò, a ò lè mú ìdílé kúrò. Mo sọ pé ohun tó ti bàjẹ́ lè má padà tán, ṣùgbọ́n ohun tó kù pọ̀, kò sì sí òye tí gààrí ṣíṣe máa fi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ògiri. Mo mọ̀ pé mo ti já a kulẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti ṣí ìwé náà. Ojú ìwé kejì ló ń kà, níbi tí àwọn ìbéèrè wà. Mo ti dáhùn wọn fún ọmọ náà bí mo ṣe mọ̀, mo sì ti fi ọ̀kan sílẹ̀ láìdáhùn nítorí pé mi ò tíì bi bàbá rẹ̀ léèrè. Ó fi ìka sí i.

"Kí ni eléyìí? 'Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé máa ń họ ọ̀dà àtijọ́?'"

"Ọ̀dà àwọn ilé àtijọ́ máa ń ní òjé nínú, bùọ̀dá. Eruku rẹ̀ ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó funfun títí dé ọrùn ọwọ́. "Ilé tí à ń họ láti oṣù tó kọjá," ó wí jẹ́jẹ́, "ọ̀dà ara rẹ̀ dàgbà jù mí lọ." Ó dìde, ó jáde sí àgbàlá, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tí kò mọ ibi tó lè gbé e kalẹ̀ sí.

Bàbá ló bá a lójú àgbàlá. Ariwo ló gbé e dìde. Mo rò pé ó máa bá mi jà, mo sì ti ń wá ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, àmọ́ kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo máa ń rán an nídìí iná," Bàbá wí. "Àbúrò mi. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni wọ́n fún. Èéfín rẹ̀ máa ń dá mi lọ́rùn, mo bá ní kó máa fẹ́ ẹ fún mi. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ." Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìdáná. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni."

Bàbá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé agbada náà, ó sì gbé e lọ jìnnà sí wa. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e láti sọ fún un pé èmi náà ò mọ̀ bóyá iná náà ló fà á, pé bóyá àbúrò rẹ̀ ìbá rí bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́wọ́ mú. "Jókòó," ó wí. Ó ṣì ń bínú sí mi, àmọ́ kò jù mí lọ́wọ́ sílẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ fọ ọwọ́ àti orí ní ìdí kànga, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní òun máa lọ bẹ ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, pé kí n tẹ̀ lé òun pẹ̀lú ìwé náà, ṣùgbọ́n kí n má sọ̀rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló pe ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn wọn.

"Màmá, ọmọ ò ní lè wá lọ́la mọ́."

"Kí ló dé? Mo ti fọ ẹní tó máa sùn lé."

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òjé ló wà nínú ara ẹ̀, òun ló ń dà á láàmú."

"Òjé? Òjé báwo?" Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn wọn. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yẹn mọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wò ó kó tó dáhùn.

"A ò mọ̀, Màmá. Ó lè wà níbẹ̀. Tiwa náà lè wà níbẹ̀. Àmọ́ ara àwọ̀n ló ti jẹ díẹ̀ nínú òjé náà, èmi ni mo sì ń gbé ìyókù wálé lára aṣọ iṣẹ́."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

Ewúrẹ́ náà ké títí tí mo fi rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà, ìyá náà bèèrè pé, "Kí ni wọ́n ní kó máa jẹ?"

Ó na fóònù sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀: ẹ̀fọ́, ẹja kéékèèké teegun teegun, ẹ̀wà, wàrà, kó má fi ebi sùn, nítorí pé ikùn òfo máa ń fa òjé mọ́ra, kó máa fọ ọwọ́ kó tó jẹun, kí wọ́n sì máa nu ilẹ̀ pẹ̀lú omi, kí wọ́n má gbá a ní gbígbẹ, nítorí pé—

"Rọra, rọra, ọmọ mi," ìyá náà wí. "Jẹ́ kí n pe ẹni tó máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè mọ ohun tí màá máa fi ránṣẹ́ sí i."

A dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀fọ́.